Ọ̀yọ́-Ilé Lójú Àlejò

Bí àlejò bá dé Òkè-Ògùn tí ó sì fẹ́ wòran, yóò pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sinmi. Ní Ṣakí, wọn yóò fi òkè Aṣabárí hàn án. Ní Adó-Àwáyè, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, yóò gun àpáta lọ wo Ìyákẹ́, adágún omi tí ó wà lórí òkè. Ní Ìgbòho, wọn yóò mú un lọ sí ibi tí a sin Aláàfin mẹ́rin sí. Kò sí èyí tí kò dùn ún wò nínú wọn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní àríwá ilẹ̀ wa yìí tí àlejò lè dé kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Kí ni mo tilẹ̀ wá wò níbí?” Ibẹ̀ náà ni Ọ̀yọ́-Ilé, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Láti nǹkan bí 1835 sí 1837 ni ìlú náà ti di ahoro. Inú Old Oyo National Park ni ó wà lónìí. Ìhà Ìgbẹ́tì ni èmi gbà débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó kan ni ó sì ṣe amọ̀nà wa. Koríko ni ó kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀, lẹ́yìn náà igi oṣè, lẹ́yìn náà àpáàdì tí ó fọ́n káàkiri ilẹ̀. Odi ìlú tí ìtàn ń ròyìn ti di ebè gígùn kan tí igi ti hù lé lórí, yàrà tí ó yí i ká sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Bí kì í bá ṣe ti amọ̀nà wa, a ó ti kọjá lórí odi Ọ̀yọ́ láìmọ̀.

Nínú ìwé èdè Jámánì tí a ń kà ní kíláàsì ni mo ti pàdé ìlú Heidelberg, tí ó wà létí odò Neckar. Ahoro ni ohun tí ayé ń rọ́ lọ wò níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ-ogun Faransé ba ààfin ìlú náà jẹ́ ní 1689 àti ní 1693, ààrá tún sán lù ú ní 1764, síbẹ̀ ó dúró lórí òkè tí gbogbo ojú ń rí i. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Jámánì kan yóò mọ̀ pé ọba ti gbé ibẹ̀ rí. Amọ̀ ni àwọn baba wa fi mọ odi, koríko ni wọ́n fi bo ilé wọn. Nígbà tí iná jó òrùlé, òjò ni ó ṣe ìyókù. Nítorí náà amọ̀nà ti Heidelberg lè dákẹ́ díẹ̀ kí òkúta bá a sọ̀rọ̀. Amọ̀nà ti Ọ̀yọ́-Ilé kò gbọdọ̀ dákẹ́ rárá.

Ìgbà kan sì wà tí Ọ̀yọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a sọ ìtàn ara rẹ̀. Ní oṣù January 1826, ọ̀gágun ojú omi kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton, pẹ̀lú Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀, ti Àgbádárìgì rìn dé ibẹ̀, ní ìgbà ayé Aláàfin Májòtú. Odi tí Clapperton rí ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà gbígbẹ yí i ká, ẹnu-bodè mẹ́wàá ni ó sì kà. Katunga ni ó pe ìlú náà nínú ìwé rẹ̀, orúkọ tí àwọn Hausa fún un. (Ẹni tí ń kọ́ èdè kò lè ṣaláì fura sí èyí: ọkùnrin tí ó ti ọ̀dọ̀ Yorùbá wọlé fi èdè àríwá sọ ìlú wọn lórúkọ.)

Ní ọjọ́ 22 oṣù February, Aláàfin pe àlejò rẹ̀ wá wo eré. Eré náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn oníjó tí wọ́n wà nínú àpò jó, wọ́n sì tàkìtì. Lẹ́ẹ̀kejì, ère ńlá kan yọ jáde láti inú àpò, ó ń wọ́ káàkiri, títí ẹnì kan fi fi idà ṣá a pa. Ẹ̀kẹta ni ó dùn jù. Ẹ̀dá funfun kan yọ jáde, ó rù hangogo bí ẹni tí òtútù fẹ́ pa, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́sẹ̀ rírọ̀ tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ! Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bẹ Clapperton pé kí ó tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Òun náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó wá wòran di ìran. Mo rò pé kò sí ìtàn tí ó fi ìgboyà Ọ̀yọ́ hàn tó èyí, nítorí pé ilé ti ń jó nígbà náà: Ìlọrin ti bọ́ lọ́wọ́ Aláàfin, ogun sì ti súnmọ́ tòsí.

Ohun tí Clapperton ń wá gan-an ni odò Ọya. Aláàfin fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a dúró títí di oṣù March kí ó tó jẹ́ kí ó máa lọ. Onílé ni ó ń yan ohun tí àlejò yóò rí. Lander tún padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀ ní 1830. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ogun Elédùwé dé. Aláàfin Olúewu kú, ìlú sì tú. Àwọn kan sá lọ sí Kíṣí àti Ìgbòho, àwọn mìíràn lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí Àtìbà ti sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí.

Igbó ni ó gba ìlú náà, igbó náà ni ó sì pa á mọ́. Ní 1936 ìjọba ya igbó Òkè Odò Ògùn sọ́tọ̀, ní 1941 wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀, ní 1952 a sọ wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko, ní 1991 a sì sọ wọ́n di National Park, ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igi àti ẹranko ni òfin ń ṣọ́. Odi kàn jẹ àǹfààní rẹ̀ ni. Kò sí katakata tí ó tú u, kò sí ẹni tí ó kọ́ ilé epo lé e lórí. Ọdẹ tí a lé kúrò nínú igbó baba rẹ̀ lè máà rí ohun tí ó yẹ kí a dúpẹ́ lé lórí, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ ẹfọ̀n ni yóò kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé ẹranko ni a fi pè é wá.

Àwọn onímọ̀ kò fi ibẹ̀ sílẹ̀. Frank Willett wá a wò ní 1956 sí 1957. Robert Soper àti Patrick Darling wọn odi náà, wọ́n sì fi hàn pé kì í ṣe ẹyọ kan. Babatunde Agbaje-Williams fi iṣẹ́ lórí Ọ̀yọ́-Ilé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1983. Díẹ̀ nínú èyí ni ó ń dé etí àlejò. Ìtàn iwin ni a sọ fún wa.

Ìtàn náà dùn. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ààfin kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán abuké, arọ àti àfín lọ síbẹ̀ lóru, kí wọ́n máa ké lórí òkè Àjàká, kí àwọn ìránṣẹ́ ọba lè rò pé iwin ti gba ìlú. Ọba rán ọdẹ lọ, wọ́n sì kó gbogbo wọn. Bí ó ṣe di Ọba Mọ́rọ̀ nìyẹn, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Amọ̀nà wa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, àwọn èrò rẹ́rìn-ín, ó parí. Mo ka èyí sí ìfiṣòfò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé ni ó wà nídìí ìtàn yẹn: àwọn ìjòyè ti kọ́lé sí Ìgbòho, wọ́n ti dá oko, ọmọ wọn ti mọ ibẹ̀ ní ilé. Ó yẹ kí amọ̀nà sọ èyí, kí ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún Yorùbá. Bí a bá sì dé ibi tí ààfin wà, ó yẹ kí ó dúró, kí ó sọ ti eré ọjọ́ 22 oṣù February, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti fi àlejò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kò lẹ́bi. Iṣẹ́ wọn pọ̀, àwọn apẹran àti àwọn darandaran ni wọ́n ń lé láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, a ní akẹ́kọ̀ọ́ èdè, a sì ní àgbàlagbà ní Ìgbòho àti Kíṣí tí wọ́n mọ agbo ilé tí ó ti Ọ̀yọ́-Ilé wá. Ìwé pélébé kan tí amọ̀nà lè fi sí àpò kò lè ju agbára wa lọ. Nínú ẹnu-bodè mẹ́wàá tí Clapperton kà, ẹyọ kan péré ni a fi hàn wá, amọ̀nà wa kò sì mọ orúkọ rẹ̀.