Òfin Lórí Ọ̀kadà ní Sùúrùlérè àti Yábàá

Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gbà dé Yábàá ní ọ̀sẹ̀ náà kò lè gbàgbé ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2020. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Sùúrùlérè àti Lagos Mainland sì wà nínú wọn. Kì í ṣe láìnídìí: jàǹbá pọ̀, olè sì ń fi alùpùpù sá lọ. Òfin ọdún 2012 ti kọ́kọ́ lé wọn kúrò ní títì 475, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá.

Ohun tí ó dùn wá ni ọ̀ràn Max, Gokada àti ORide, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ titun nígbà náà, tí a máa ń fi fóònù pe ọ̀kadà wọn. Àwọn wọ̀nyí kọ́ awakọ̀ wọn, wọ́n dé e ní akoto, wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ òfin kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí bàbá bá fi pàṣán kan náà na ọmọ tí ó jẹ́ iṣẹ́ àti èyí tí ó kọ̀ ọ́, kí ni yóò fi bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ lọ́la? Nígbà tí òfin náà tún jáde ní ọdún 2022, tí ó sì dé Mùṣín ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, Gokada ti fi èrò sílẹ̀. Ẹrù ni ó ń gbé nígbà náà.