Ta Ló Bẹ́gi Dínà Ẹgbẹ̀fà?

"Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà." Owó ẹyọ ni àwọn àgbà ń ná nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ẹgbẹ̀fà sì jẹ́ 1,200 ẹyọ. Ohun tí a sábà máa ń fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san án kò ní í rí owó yá mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Òtítọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Igi tí a bá gé dábùú ọ̀nà kì í dá ẹni tó gé e nìkan dúró. Àtẹni tó ń bọ̀ láti oko, àtọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, gbogbo wọn ni kò ní í rí ọ̀nà gbà. Ibi tí òwe náà ti kan ẹlòmíràn yìí ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀wò, torí òun ló bá ọ̀rọ̀ owó yunifásítì mu ní ìlú Ẹdúnàbọ̀n àti ní gbogbo agbègbè Orígbó lónìí.

Yíyá owó nítorí ìwé kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí kòkó ń pa owó, àwọn bàbá kan fi oko kòkó dógò kí ọmọ lè kàwé. Ẹni tó yá wọn lówó á máa kó èso oko náà lọ́dọọdún, gbèsè gan-an á sì wà níbẹ̀ láìdín kọ́bọ̀ kan. Ìjọba náà dá sí i lẹ́yìn òmìnira. Ìjọba ológun Gowon fi Òfin 25 ti ọdún 1972 dá Nigerian Students Loans Board sílẹ̀. Owó jáde, akẹ́kọ̀ọ́ gbà á, wọ́n kàwé tán, ọ̀pọ̀ wọn ríṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n èyí tó padà wálé kò tó nǹkan. Kò sí BVN nígbà náà, kò sí NIN. Ẹni tó bá ti kó kúrò ní àdírẹ́sì tó kọ sínú fọ́ọ̀mù ti bọ́ lọ́wọ́ agbowó nìyẹn. Ní 1993 wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Nigerian Education Bank, ìyẹn náà kò rìn jìnnà. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ aláìní kò rí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ kan tó ṣeé gbára lé. Èmi ò ní í di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn tó yá owó, torí ìjọba tí kò tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ náà mú àáké dání lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé igi ọ̀hún. Àmọ́ àwọn tí igi dí lọ́nà kò tíì dé ayé nígbà tí wọ́n ń gé e.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó gbé NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, ró, wọ́n sì ṣí ojú òpó rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún. Ẹ̀yáwó yìí kò ní èlé. Owó ilé ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, tààrà ló ń lọ sí àpò yunifásítì. Ẹni tó bá tún fẹ́ owó ìgbọ́bùkátà á máa rí 20,000 náírà gbà lóṣù, èyí kò sì pọn dandan. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún: ọmọ tó bá wọ OAU ní Ilé-Ifẹ̀ lè bèèrè fún un, èyí tó bá wọ Oduduwa University ní Ìpetumodù, tó jẹ́ ti aládàáni, kò lè rí i gbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣirò nìyí: owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Láti ọdún 1977 ni ìjọba ti ní òun kò gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ní yunifásítì tirẹ̀. Lónìí, owó náà kàn ń jẹ́ orúkọ mìíràn ni. Ìkéde tó jáde ní OAU ní 2023 dá 151,200 náírà lé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní àwọn ẹ̀ka bíi Arts àti Law, ó sì dá 89,200 lé àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi iye yẹn ṣe ìṣirò fún ọmọ tó máa lo ọdún mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 418,800 náírà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni iye tí ìwé máa náni. Ká ní ọmọ ń ti ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n lọ, kó má baà gba yàrá ní Lágéré tàbí Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì ń ná 1,500 lórí ọkọ̀ lójúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 15 ní sáà kọ̀ọ̀kan, 225,000 náírà ló máa jẹ́ lọ́dún. Owó ọkọ̀ nìkan ti ju owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ lọ. A ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ, ìwé, dátà àti kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo owó ọ̀fẹ́ kúrò, òun ni ẹrù òbí gan-an, òun sì ni ó yẹ kí á mọ̀ kí á tó yá kọ́bọ̀.

Owó ọ̀fẹ́ ni mo wí, torí gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìrànwọ́ kọ́ ni ìrànwọ́. Sikọ́láṣíìpù MTN Foundation tàbí ti Agbami kò ní sísan, bọ́sárì ìpínlẹ̀ kò ní sísan, ẹ̀yáwó ní. Àwọn ará wa ní Houston mọ èyí dáadáa. Nínú lẹ́tà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fi ránṣẹ́ sí wọn, Pell Grant, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó lè tó 7,395 dọ́là lọ́dún, máa ń tò tẹ̀ lé ẹ̀yáwó lójú ìwé kan náà, òbí tí kò bá fara balẹ̀ á rò pé ẹ̀bùn ni gbogbo rẹ̀. Láti 2011 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìṣirò sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò fi iye tó ṣẹ́ kù han òbí. Síbẹ̀ gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ti ju 1.6 trillion dọ́là lọ. Àwa níbí, bírò àti bébà ni ẹ̀rọ tiwa.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀yáwó NELFUND báyìí. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni agbanisíṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló yá, tó sì ń gba 70,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù, 7,000 lóṣù máa san án tán ní ọdún márùn-ún. Bó bá gba owó ìgbọ́bùkátà mọ́ ọn fún gbogbo oṣù ọdún mẹ́rin náà, gbèsè á di 1,378,800. Lórí owó oṣù kan náà, á lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó san án tán. Lórí 200,000 lóṣù, kò ní í tó ọdún mẹ́fà. Mi ò ní kí ọmọ tí ebi ń pa má gba 20,000 náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tí ilé rẹ̀ lè bọ́ ọ kò gbọdọ̀ gbà á kìkì nítorí pé ó wà níbẹ̀.

Kí òbí sì la ojú sílẹ̀. Ní 2025 NELFUND fúnra rẹ̀ fẹjọ́ sùn ní gbangba pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé owó rẹ̀ ti wọlé. Bí ẹ bá ti san tiyín ṣáájú, ẹ bèèrè rẹ̀ padà, torí orúkọ ọmọ yín ni gbèsè wà.

Ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí. Òfin lè mú agbanisíṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó pé kó yọ owó náà kí owó oṣù tó jáde. Ọmọ tó bá ti jápa lọ sí Manchester ńkọ́? Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi san án. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òbí àti ọmọ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ fọ́ọ̀mù: iye tí a yá, oṣù tí sísan máa bẹ̀rẹ̀, àti àkáǹtì tí owó yóò ti máa jáde bó bá wà lẹ́yìn odi.