Ojú Púpọ̀ Nínú Ọkọ̀ Ìgbòkun

Láyé àtijọ́, ojú kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ìgbòkun fi ń mọ ọ̀nà lójú òkun: tábìlì kan ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n tẹ́ àwòrán òkun lé, tí ẹnì kan sì jókòó tì í pẹ̀lú pẹ́ńsù àti rúlà. Ẹni tí ó di ìtọ́kọ̀ mú lókè kò rí àwòrán yìí. Ohun tí wọ́n bá ké sí i láti ìsàlẹ̀ ni yóò ṣe. Nítorí kí gbogbo ará ọkọ̀ lè rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń ṣe làálàá láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ṣe é yọrí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ní 1983 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ojú omi ní Amẹ́ríkà gbé òfin kan jáde, tí wọ́n pè ní NMEA 0183, pé kí ẹ̀rọ tí ó ń wọn jíjìn omi, èyí tí ó ń wọn afẹ́fẹ́ àti èyí tí ó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà máa sọ èdè kan náà, ẹni yòówù kí ó ṣe wọ́n. Lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbọ́, bí ìgbà tí akéde bá ń lu agogo láàárín ìlú. Ọ̀rọ̀ náà kò yá: nǹkan bí létà 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ mẹ́ta bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wáyà mẹ́ta ni, wọn a sì lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn.

NMEA 2000 tí ó tẹ̀ lé e yá jù ú lọ ní ìlọ́po àádọ́ta. Ara ọkọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti mú ọgbọ́n rẹ̀ wá; ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ni ó fi í han aráyé ní 1986. Wáyà kan gba inú ọkọ̀ kọjá bí ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan so mọ́ ọn bí egungun ìhà, gbogbo wọn ń sọ, gbogbo wọn ń gbọ́. A ó dí i ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ má baà ta padà bí gbohùngbohùn. Ojú ẹ̀rọ kan wà níwájú ìtọ́kọ̀, òmíràn nísàlẹ̀, òmíràn lára òpó ìgbòkun: ohun kan náà ni wọ́n ń wí.

Ẹ wá wo ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2014. Team Vestas Wind, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ń sá eré ìje Volvo yí ayé ká, ti Cape Town bọ̀, ó ń lọ sí Abu Dhabi. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò sì wọ́n wọn. Ilẹ̀ ti ṣú. Lójijì ni ó fi eré tí ó tó máìlì òkun 19 ní wákàtí kan gun Cargados Carajos, àpáta abẹ́ omi tí ó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Mauritius. Ẹ̀yìn ọkọ̀ fọ́ wómúwómú. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni.

Àpáta yìí kì í ṣe ohun tuntun. Orúkọ Potogí ni ó ń jẹ́, ó sì wà nínú ẹ̀rọ wọn gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa àwòrán náà sẹ́yìn kí wọ́n lè rí òkun gbalasa, bẹ́ẹ̀ bí a bá fà á sẹ́yìn, ẹ̀rọ a máa yọ ohun kéékèèké kúrò. Ohun tí wọ́n rí ni omi tí jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 40. Ìgbìmọ̀ tí Chris Oxenbould ṣe alága rẹ̀ gbé ìròyìn jáde ní 2015. Wọ́n bá àwọn atukọ̀ wí nípa bí wọ́n ṣe lo àwòrán náà, wọ́n sì bá àwọn tí ó yà á wí pẹ̀lú.

Lójú tèmi, iye ojú ẹ̀rọ gan-an ni ó ń tan ènìyàn. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni a ní. Ìbá ṣe pé wọ́n fi ọ̀kan péré nínú àwọn ojú náà sílẹ̀ láti máa wo ìtòsí, àpáta náà ìbá ti hàn.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí àpáta, wọ́n tún un kàn ní Ítálì, ó sì padà sínú eré ìje ní Lisbon ní oṣù kẹfà ọdún 2015.