Ohun Tí Ó Ń Fa Yíya Àkísà Nínú Ìbọn Ṣakabùlà

Nínú ṣakabùlà, àkísà ni ó ń dí àárín ẹ̀tù àti ọta. Bí ó bá ya, agbára ẹ̀tù yóò jò gba ẹ̀gbẹ́ ọta, ọta sì lè ṣìnà. Ewu ni èyí ní Àpẹ́tẹ̀, níbi tí ilé ti wọ inú oko.

Àkísà tí ó jó láàárín fi hàn pé ẹ̀tù pọ̀ jù tàbí pé aṣọ fẹ́lẹ́. Èyí tí ó gé létí, pé inú ìbọn dógùn-ún tàbí pé ẹnu rẹ̀ mú. Kí ọdẹ lo aṣọ òwú tí ó nípọn, tí a fi òrí pa.

Iná àjókù àkísà lè ran ẹ̀tù tuntun: ẹ fi aṣọ tútù nu inú ìbọn, kí ó gbẹ, kí ẹ tó tún un kì.

Òfin Ìbọn ọdún 1959 béèrè ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà.