Amí Tí a Fi Nọ́ńbà Pè: Àwọn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ìjọba Amẹ́ríkà nínú Ẹgbẹ́ Marcus Garvey, 1919 sí 1923

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 1919, J. Edgar Hoover kọ ìwé kúkúrú kan ní Washington nípa Marcus Garvey. Ẹni ọdún 24 ni Hoover nígbà náà, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka tí ń ṣọ́ àwọn tí ìjọba kà sí ọlọ̀tẹ̀ ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ti Amẹ́ríkà. Nínú ìwé náà ó kẹ́dùn pé Garvey kò tíì rú òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tí a lè torí rẹ̀ lé e kúrò nílùú gẹ́gẹ́ bí àlejò tí a kò fẹ́. Ó wá fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí a rí nǹkan dì mú nínú ọ̀nà tí Garvey ń gbà polówó ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun rẹ̀, Black Star Line. Bóyá a lè pè é ní jìbìtì. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó fi ìlànà iṣẹ́ náà hàn kedere: ẹni tí wọ́n fẹ́ mú ti wà nílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn yóò kà sí i lọ́rùn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá.

Ọmọ Jàmáíkà ni Garvey. Ó dá ẹgbẹ́ Universal Negro Improvement Association, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí UNIA, sílẹ̀ ní Kingston ní ọdún 1914, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1916. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, Harlem ní New York ti di ibùjókòó ẹgbẹ́ náà, ìwé ìròyìn rẹ̀, Negro World, sì ń bá àpò àwọn atukọ̀ wọ èbúté Karíbíánì àti ti Áfíríkà. Dọ́là 5 ni ìpín ìdókòwò kan nínú Black Star Line, ènìyàn dúdú nìkan ni ó sì lè rà á. Alágbàfọ̀, alágbàáárù, ọmọ-ọ̀dọ̀, gbogbo wọn ń rà á. Ọkọ̀ ògbólógbòó tí ilé-iṣẹ́ náà rà ní dọ́là 165,000 kọ́ ni ó ń kọ ìjọba lóminú. Bí àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láwùjọ ṣe ń dá owó jọ lábẹ́ àsíá kan náà ni ó bà wọ́n lẹ́rù. Ọdún 1919 yìí kan náà ni ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní Chicago, ní Washington àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, tí àwọn ènìyàn dúdú kò sì káwọ́ gbera mọ́, tí wọ́n gbèjà ara wọn.

Ìṣòro kan wà fún Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí, èyí tí ó di FBI lẹ́yìn náà. Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aláwọ̀ funfun tí ó lè jókòó sí Liberty Hall, gbọ̀ngàn UNIA ní Harlem, kí gbogbo ojú má yíjú sí i. Yorùbá ní kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ènìyàn dúdú gbà síṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ yí padà nípa wọn.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kejìlá, ọdún 1919, wọ́n gba James Wormley Jones, ẹni tí àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà kà sí aṣojú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Ọlọ́pàá ni Jones ní Washington tẹ́lẹ̀, ó sì ti jagun ní ilẹ̀ Faransé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú ẹ̀ka ogun 368, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tí wọ́n kó ọmọ-ogun dúdú sí lọ́tọ̀. Nọ́ńbà 800 ni ó ń lò dípò orúkọ nínú ìròyìn tí ó ń fi ránṣẹ́. Ó wọ UNIA bí ọmọ ẹgbẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ kíkọ lẹ́tà tí ó bá wọlé sínú ìwé àkọsílẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí lẹ́tà jẹ́ okùn tí ó so ẹ̀ka rẹ̀ ní Kúbà, ní Panama àti ní etíkun Áfíríkà mọ́ ara wọn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ó fi ṣe olùtọ́jú lẹ́tà. Iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni, kò sí ariwo nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń jowú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára fún amí.

Ó rọrùn láti pe Jones ní ọ̀dàlẹ̀ kí a sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Lábẹ́ ìjọba Woodrow Wilson ni wọ́n ya òṣìṣẹ́ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aláwọ̀ funfun ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Washington. Ẹni tí ìjọba kò fẹ́ kí ó bá òyìnbó jẹun lórí tábìlì kan náà ni ìjọba yìí kan náà fi àṣírí rẹ̀ ṣọ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọkùnrin dúdú tí ó ti ṣe ọlọ́pàá tí ó sì ti jagun lè gbà dé irú ipò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Èyí kò dá a láre. Ó kàn fi hàn pé ìnilára tí Garvey ń bá jà ni ó pèsè amí tí yóò ṣọ́ Garvey.

Herbert Boulin tilẹ̀ sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ti ìran. Ọmọ Jàmáíkà ni òun náà, oníṣòwò ní Harlem, nọ́ńbà P-138 ni wọ́n sì fún un. Ní ọdún 1920 àti 1921 ó ń kọ ìròyìn nípa ìpàdé, nípa ẹni tí ó sọ̀rọ̀, nípa owó, nípa ohun tí wọ́n ń sọ ní ojú pópó. Ẹni tí ó bá ń ka irú ìròyìn báwọ̀nyí gbọ́dọ̀ rántí pé iṣẹ́ olówó ni. Amí tí ó bá ń kọ̀wé lójoojúmọ́ pé kò sí nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ líle tí Garvey bá sọ lórí pèpéle, tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ẹwà ọ̀rọ̀ ni, lè di ìlérí ogun kí ó tó dé Washington.

Jones kò fi mọ sí UNIA. Ó wọ African Blood Brotherhood, ẹgbẹ́ Cyril Briggs, pẹ̀lú. Ní àpéjọ UNIA ti oṣù kẹjọ ọdún 1921, wọ́n lé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Briggs jáde. Amí kọ́ ni ó dá ìjà náà sílẹ̀: Briggs ti ń sún mọ́ àwọn Kọ́múníìsì, Garvey kò sì fẹ́ kí wọ́n wá darí òun. Síbẹ̀, ìjọba ní ojú àti etí nínú ilé àwọn méjèèjì nígbà tí ilé náà ń jó. Garvey fi ìwé ìròyìn rẹ̀ pe Briggs, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n gan-an, ní òyìnbó tí ń ṣe bí ènìyàn dúdú, Briggs sì pè é lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Àwọ̀ ara ni Garvey fi ń wá ẹlẹ́tàn, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń tan àwọn méjèèjì jẹ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Ní oṣù kejì ọdún 1921 Garvey rin ìrìn-àjò lọ sí Karíbíánì, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ ìpadàwọlé títí di oṣù keje. Ọgbọ́n àtilé e jáde láìsí ẹjọ́ ni, kò ṣiṣẹ́.

Èyí tí ó ṣiṣẹ́ ni àbá tí Hoover ti dá láti ọdún 1919. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 wọ́n mú Garvey lórí ẹ̀sùn pé ó fi ètò ìfìwéránṣẹ́ lu jìbìtì. Ìwé ìpolówó Black Star Line ti gbé àwòrán ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n kọ orúkọ Phyllis Wheatley sí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ Orion ni, ẹgbẹ́ náà kò sì tíì rà á. James Amos, aṣojú dúdú mìíràn tí ó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ Theodore Roosevelt rí, kó ipa pàtàkì nínú ẹ̀rí kíkójọ. Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1923 níwájú Adájọ́ Julian Mack. Garvey lé agbẹjọ́rò rẹ̀, ó sì ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rí tí ìdálẹ́bi rẹ̀ rọ̀ mọ́ jẹ́ àpòòwé kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, tí òǹtẹ̀ Black Star Line wà lára rẹ̀. Wọ́n dá àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ pè lẹ́jọ́ sílẹ̀. Wọ́n rán Garvey ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5, wọ́n sì ní kí ó san ìtanràn dọ́là 1,000.

Ǹjẹ́ àwọn amí ni ó bi Garvey ṣubú? Ẹni tí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni láìjanpata kò ka ìwé ìṣirò Black Star Line. Ọkọ̀ rẹ̀ gbó, owó tí wọ́n fi ń tún un ṣe pọ̀ ju èrè lọ, Joshua Cockburn tí ó jẹ́ ọ̀gá atukọ̀ àkọ́kọ́ sì gba owó ẹ̀yìn lára iye tí wọ́n fi ra ọkọ̀ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1922 Garvey fúnra rẹ̀ lọ bá ọ̀kan nínú àwọn olórí Ku Klux Klan ṣe ìpàdé, ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ kẹ̀yìn sí i. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń wó ní Amẹ́ríkà lásìkò yẹn tí kò sí ẹni tí ó gbé amí wọ inú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe Garvey pèsè ẹjọ́. Àwọn amí ni ó jẹ́ kí ìjọba wà nítòsí láti ṣà á.

Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé kan ń gbàgbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1923, àwọn ènìyàn dúdú mẹ́jọ tí wọ́n jẹ́ ẹni iyì, lára wọn Robert Abbott tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender àti William Pickens ti NAACP, kọ̀wé sí olórí ètò ìdájọ́ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹjọ́ Garvey falẹ̀, kí ó sì tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká. Kò dára kí ẹni tí wọ́n ń ni lára bẹ ẹni tí ń ni í lára pé kó wá lu arákùnrin rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n buwọ́ lu ìwé wọn. Garvey mọ̀ wọ́n, ó lè dá wọn lóhùn, ó sì dá wọn lóhùn tèébútèébú. Kò sí bí ó ṣe lè dá 800 lóhùn. Ọ̀tá tí a mọ orúkọ rẹ̀ ń sọ òṣèlú di àríyànjiyàn. Èyí tí ó ní nọ́ńbà ń sọ ọ́ di ìfura láàárín ọmọ ẹgbẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́.

Fún onímọ̀ ìtàn, ìṣòro tí ó kù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Robert A. Hill bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkójọ ìwé Garvey àti UNIA jáde ní ọdún 1983, ìròyìn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà lára ohun tí ó kún inú rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ ní Liberty Hall ní alẹ́ kan ní ọdún 1920, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ olófòófó ni yóò sọ fún un. Ẹni tí a gbà síṣẹ́ láti ba ẹgbẹ́ náà jẹ́ ni ó bá ẹgbẹ́ náà tọ́jú ìrántí rẹ̀. A kò lè da ìròyìn wọ̀nyí nù, a kò sì lè gbà wọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ arọ́kìn. Ó sàn kí a gbà wọ́n gbọ́ lórí ohun kékeré tí kò mú owó wọlé fún wọn, bí ọjọ́, ibi àti orúkọ, kí a sì máa fura sí wọn níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn jù.

Èkó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1920 ni ẹ̀ka UNIA bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run bíi J. G. Campbell àti W. B. Euba sì wà lára àwọn tí ó ṣagbátẹrù rẹ̀. Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kò fojú rere wo Negro World. Ní ìhà Faransé, Kojo Tovalou Houénou, ọmọ tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, sọ̀rọ̀ ní àpéjọ UNIA ní New York ní ọdún 1924. Ṣáájú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ń fi olófòófó ṣọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní Paris. Ìlànà kan náà ni, èdè ni ó yàtọ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà dá ẹ̀wọ̀n Garvey dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 1927, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ ní New Orleans ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ìlélọ tí Hoover ń wá ní ọdún 1919 wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ní ọdún 1928 Garvey fún ẹgbẹ́ WASU tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ń darí ní ilé kan lò ní West Kensington ní London, ibùjókòó àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà ní. Jones ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 1923, nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù kan kí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 2025, Ààrẹ Joe Biden dárí ji Garvey, ọdún 84 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìdáríjì náà kan ẹjọ́ jìbìtì nìkan. Ìròyìn 800 àti ti P-138 ṣì wà nínú fáìlì bí wọ́n ṣe kọ wọ́n.