Ìtàn Bátìrì Lítíọ̀mù àti Ìṣàkóso Agbára Rẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ilẹ̀ Yorùbá

Bátìrì ni ohun èlò tí ń fi ìṣesí kẹ́míkà pa agbára iná mànàmáná mọ́ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó, èyí tí a sì ń pè ní bátìrì lítíọ̀mù ni irú rẹ̀ tí èròjà lítíọ̀mù ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì nínú rẹ̀, nígbà tí ó bá ń gba agbára sára àti nígbà tí ó bá ń tú u jáde. Ní ìlú bí Iyere, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, inú fóònù ni bátìrì yìí kọ́kọ́ gbà wọlé, ó tún bá àtùpà sólà wọlé, kí ó tó wá di àpótí ńlá tí à ń gbé kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnfátà. Ohun tí ìtàn rẹ̀ fi hàn ni pé kì í ṣe bí agbára inú rẹ̀ ti pọ̀ tó nìkan ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, bí kò ṣe pátákó kékeré tí ń ṣọ́ ọ, nítorí pé lítíọ̀mù kì í dárí ji ẹni tó bá ṣì í lò.

Kí ó tó dé, bátìrì olómi ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ìyẹn bátìrì ọkọ̀ tí Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1859, tí a fi awẹ́ òjé tí a rì sínú omi ásíìdì ṣe. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ìyẹn yàrá kékeré tí ìṣesí kẹ́míkà náà ti ń wáyé, ń mú fóòtì méjì wá, mẹ́fà irú rẹ̀ tí a so pọ̀ ló sì ń di fóòtì 12. Lẹ́yìn tí tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, tí ó sì ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé àwọn ibi tí òpó iná kò tíì dé, bátìrì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń wò ó, nígbà tí àwòrán bá sì ti ń súnkì láti etí wá sí àárín, wọn a mọ̀ pé bátìrì ti rẹ̀, wọn a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣáàjì bátìrì lẹ́bàá títì. Oníṣẹ́ yìí ló mọ gbogbo ohun tí bátìrì ń fẹ́: òun ni yóò ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí yóò fi ìgò onírọ́bà fa omi inú rẹ̀ láti mọ bí ó ti ki tó, tí yóò bu omi bátìrì kún èyí tó bá ti fà, tí yóò sì so ó mọ́ iná di ọjọ́ kejì. Bátìrì olójé gba irú ìtọ́jú àfojúdá bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí iná bá pọ̀ jù fún un díẹ̀, híhó ni yóò máa hó tí omi rẹ̀ yóò sì dín kù, omi náà ni a ó sì fi dí i. Ọwọ́ ènìyàn ni ìṣàkóso rẹ̀ wà.

Lítíọ̀mù fúnra rẹ̀, tí kò sí irin tó fúyẹ́ tó o, ni Johan August Arfwedson rí nínú òkúta kan láti erékùṣù Utö ní Sweden ní ọdún 1817, ṣùgbọ́n ó lé ní 150 ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe bátìrì tó ṣeé ṣáàjì lọ́nà tó nítumọ̀. Stanley Whittingham ló ṣe èyí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo Exxon ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọ̀wọ́n epo ń da àwọn orílẹ̀-èdè ńlá láàmú, àmọ́ nítorí pé ògidì lítíọ̀mù ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan bátìrì náà, ẹ̀gún tín-ín-rín máa ń hù lára rẹ̀ bí a ti ń ṣáàjì rẹ̀ léraléra, nígbà tí ẹ̀gún náà bá sì kan ẹ̀gbẹ́ kejì, iná ni yóò sọ. Ní Oxford ní 1980, John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àpòpọ̀ kóbáltì rọ́pò èyí tí Whittingham lò ní ẹ̀gbẹ́ kejì bátìrì, agbára bátìrì sì pọ̀ sí i. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Rachid Yazami, ọmọ Mòrókò tó ń ṣe ìwádìí ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé gíráfáìtì, irú èédú tó wà nínú pẹ́ńsù, lè gba lítíọ̀mù sínú kí ó sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Akira Yoshino ní Japan ló ṣe irú èyí tí kò ní ògidì lítíọ̀mù nínú rárá ní 1985, Sony sì gbé e lọ sí ọjà ní 1991. Goodenough, Whittingham àti Yoshino ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ kẹ́míkà ní 2019, Goodenough jẹ́ ẹni ọdún 97 nígbà náà, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o tó ti gba ẹ̀bùn náà rí. Orúkọ Yazami kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíráfáìtì ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú bátìrì fóònù títí di òní.

Sẹ́ẹ̀lì lítíọ̀mù oníkóbáltì máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 3.7 nígbà tí a bá ń lò ó, ó ń kún ní 4.2, kò sì yẹ kó já wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 2.5. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀ kọjá 4.2, lítíọ̀mù yóò máa lẹ̀ mọ́ ara gíráfáìtì dípò kí ó wọnú rẹ̀, ooru yóò sì máa bí ooru títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi gbiná. Bí a bá sì fà á gbẹ ju bó ti yẹ lọ, bàbà inú rẹ̀ yóò máa yọ́, èyí tí ó lè fa ìjàm̀bá nígbà tí a bá tún gbé e sídìí iná. Nítorí èyí ni ṣájà rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ní ìpele méjì: ní ìpele kìíní, ó ń rọ́ iná wọlé ní ìwọ̀n kan náà títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi dé 4.2, ní ìpele kejì, ó ń di 4.2 náà mú, tí iná tó ń wọlé yóò sì máa dín kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí fóònù fi máa ń yára dé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tí ìyókù yóò sì máa fà bí ìgbín.

Ẹ̀rọ alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 nígbà tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bátìrì oníníkẹ́ẹ̀lì ló bá Nokia 3310, tó gbajúmọ̀ nígbà náà, wá láti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n Nokia 1100 tó jáde ní 2003, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, lo bátìrì lítíọ̀mù BL-5C, ilé-iṣẹ́ náà sì kéde pé Nokia 1100 kan tí wọ́n tà ní Nàìjíríà ní 2005 ni fóònù wọn tó pé bílíọ̀nù kan. Àmì irin mẹ́ta ló wà lórí BL-5C: méjì ni iná ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, ẹ̀kẹta ni fóònù fi ń mọ irú bátìrì tí wọ́n fi sínú rẹ̀, abẹ́ ike tó sì ru àmì wọ̀nyí ni pátákó tí ń ṣọ́ bátìrì wà, tí kò tó ìbú ìka, tí ń gé iná bí ó bá pọ̀ jù tàbí bí ó bá kéré jù. Níwọ̀n bí iná kò ti dúró, àwọn ènìyàn máa ń yọ bátìrì kúrò nínú fóònù lọ fi sínú dẹ́sítọ́ọ̀pù, ìyẹn ṣájà kékeré tó ní ìgúnpá irin méjì tí a lè fi ìka tì sọ́tùn-ún sósì títí wọn yóò fi bọ́ sórí àmì bátìrì yòówù, tí iná pupa àti àwọ̀ ewé yóò sì máa ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kò bá bátìrì sọ̀rọ̀ lórí àmì kẹta náà rárá. Pátákó inú bátìrì nìkan ló kù tí ń ṣọ́ ilé. Bí bátìrì bá ti pẹ́ láìgba iná débi pé pátákó ti gé e, fóònù kò ní í rí i mọ́, àwọn tó ń tún fóònù ṣe á sì so wáyà mọ́ ọn tààrà láti jí i dìde, ohun tí wọ́n ń pè ní búùsìtì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń jí, ṣùgbọ́n ewu bàbà tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò kúrò níbẹ̀. Kódà ilé-iṣẹ́ ńlá kò bọ́ nínú rẹ̀: ní oṣù Kẹjọ 2007, Nokia kìlọ̀ nípa mílíọ̀nù 46 bátìrì BL-5C tí ilé-iṣẹ́ Matsushita bá a ṣe, ní 2016 sì ni Samsung kó Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà nítorí pé ó ń gbiná.

Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí GSM dé, ìsọ̀ tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù fún ará àdúgbò gba gbogbo ìlú, páwà báńkì sì tẹ̀ lé e. Sẹ́ẹ̀lì róbótó kan tí a ń pè ní 18650, nítorí pé ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní 65, ló wà nínú ọ̀pọ̀ páwà báńkì, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èyí tó dára nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3,500 nínú ìwọ̀n mAh, tí a fi ń mọ bí iná inú bátìrì ti pọ̀ tó, síbẹ̀ a ń rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára lọ́jà. Irọ́ pátápátá ni.

Irú lítíọ̀mù tó wọ inú ilé gẹ́gẹ́ bí orísun iná kì í ṣe ti fóònù. Goodenough, tó ti lọ sí Yunifásítì Texas, àti Akshaya Padhi pẹ̀lú àwọn mìíràn ló tẹ ìwádìí kan jáde ní 1997 tó fi hàn pé irin àti fọ́sífétì lè rọ́pò kóbáltì. Sẹ́ẹ̀lì irú èyí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní LFP, ní fóòtì 3.2, ó ń kún ní 3.65, ó wúwo díẹ̀ ju ti kóbáltì lọ fún agbára kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro púpọ̀ kí ó tó gbiná, ó sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ṣáàjì kí ó tó di ògbólógbòó, nígbà tí bátìrì olómi sábà máa ń parí sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mélòó kan. Inú àtùpà sólà kékeré, irú èyí tí d.light àti Sun King ń ṣe, ni ọ̀pọ̀ ilé oko ti kọ́kọ́ bá a pàdé láìmọ̀.

Iná ìjọba ló ti í wọ inú yàrá ìgbàlejò. ECN, ilé-iṣẹ́ iná tó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, di NEPA ní 1972, NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n sì fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2013, tí Ìpínlẹ̀ Òǹdó bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ BEDC pẹ̀lú Ẹdó, Delta àti Èkìtì. Síbẹ̀ NẸ́PÀ ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é, kò sì sí ìdí láti pa orúkọ rẹ̀ dà níwọ̀n bí ìwà kò ti yí padà. Jẹnẹrétọ̀ ni àbò títí di oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ sì kọjá ₦600 kí oṣù Keje tó parí. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni iye owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún, fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún kìlówáàtì wákàtí kan. Láti ìgbà náà ni lítíọ̀mù pẹ̀lú sólà ti kúrò ní ohun ọlọ́rọ̀ nìkan.

Àpótí lítíọ̀mù kan, tí a ń pè ní mọ́dù, jẹ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin LFP tí a so tẹ̀ léra láti di fóòtì 12.8, tàbí mẹ́rìndínlógún láti di 51.2. Mọ́dù fóòtì 12.8 tó ní 100 Ah ń gba agbára 1,280 wáàtì wákàtí. Bí ilé kan bá ń lo gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣàn tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 160 wáàtì, tí a bá sì lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára náà, yóò gbé wọn fún bíi wákàtí mẹ́fà, nígbà tí bátìrì olómi tó jẹ́ 100 Ah, tí kò yẹ kí a lò kọjá ìdajì, kò ní pé wákàtí mẹ́rin. Inú mọ́dù yìí ni pátákó tí a ń pè ní BMS wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì le ju ti pátákó fóònù lọ, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ pọ̀, wọn kì í sì í kún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ti dé 3.65 tí mẹ́ta yòókù ṣì wà ní 3.35, àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ 13.7, ṣájà tó ń retí 14.6 yóò sì gbà pé bátìrì kò tíì kún, yóò máa rọ́ iná lu èyí tó ti yó. BMS tó ń fi wáyà tín-ín-rín wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ń rí i, òun ló ń bu díẹ̀ kúrò lára èyí tó ṣáájú kí àwọn tó kù lè bá a, òun náà ló sì ń gé iná bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó ń to sẹ́ẹ̀lì àlòkù pọ̀ tí wọ́n sì yọ BMS sọnù nítorí pé ó ń gé iná, ẹni tó gba ilé wọn là ni wọ́n lé jáde.

Ẹni tó bá mọ bátìrì olómi dáadáa ló sábà máa ń ṣi èyí lò. Fóòtì LFP kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà tí ó bá kún dé ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kó tán, nítorí náà mítà tí a fi ń wo ti olómi kò lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Iná tó wọlé àti èyí tó jáde ni BMS ń kà. Ìnfátà tí a kò yí kúrò lórí bátìrì olómi sí lítíọ̀mù lè máa ti fóòtì tó ju 15 wọlé lóòrèkóòrè láti fi ru omi ásíìdì sókè, bẹ́ẹ̀ lítíọ̀mù kò ní omi kankan tí a ń rù. Ooru pàápàá ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, nítorí náà yàrá tí páànù rẹ̀ kò ní síílìn kò yẹ fún un.

Ní Kútọnu àti Lomé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbé ìtọ́jú bátìrì lítíọ̀mù gbà láti 2022, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Spiro bẹ̀rẹ̀ sí í kó alùpùpù oníbátìrì wọlé fún àwọn ọlọ́kadà: ọlọ́kadà kì í dúró ṣáàjì, ńṣe ni yóò já bátìrì tó ti tán sílẹ̀ ní ibùdó tí yóò sì gbé èyí tó kún, ìtọ́jú bátìrì sì wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́.

Òkúta tó ní lítíọ̀mù nínú kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, nítorí pé ó wà ní Ìjerò-Èkìtì, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó ń wọ ilé wa. Ibi tí bátìrì wọ̀nyí yóò lọ nígbà tí wọ́n bá kú ni ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. Bátìrì olómi tó ti kú kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí pé àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń fi ìwọ̀n rà á nítorí òjé inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyọ́ òjé náà ń ba ìlera jẹ́ níbi tí wọn kò ti ṣe é bó ti yẹ. LFP kò ní òjé, kò ní kóbáltì, kò sì ní níkẹ́ẹ̀lì, nítorí náà oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kì í fẹ́ dá owó lé e. Kí ẹni tí tirẹ̀ bá ti kú má ṣe jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun, kó má sì fi ìṣó tàbí ọ̀bẹ ṣí i. Kó tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ tó jìnnà sí iná, kó sì dá a padà fún ẹni tó tà á fún un.