Nígbà Tí Ìfẹ́ Àjẹjù Bá Dé

Ní Ìgbẹ́tì, bí ó ti rí káàkiri Òkè-Ògùn, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kì í wọ́n wa lásìkò ìkórè. Bí ènìyàn bá jẹ àmàlà yó níbi ìdúpẹ́ ìkórè, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí.

Ẹni tí ọ̀ràn náà bá yóò jẹ oúnjẹ púpọ̀ láàárín àkókò díẹ̀, kò sì ní lè dá ara rẹ̀ dúró. Ó lè máà sí ebi lára rẹ̀ rárá. Yóò jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀, ìtìjú yóò sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ẹni tí ó sanra nìkan ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó kọ oúnjẹ lójú ìjọ lè jẹ́ ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ lóru. Dókítà Albert Stunkard kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1959. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ náà kà á sí àìsàn tí ó dá dúró, bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù 3. Ní tiwa, wọ̀bìà tàbí alájẹkì ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èébú ni méjèèjì. Abájọ tí kì í fi sọ fún olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀.

Bí ó bá sì sọ ọ́, a sábà máa ń ní kí ó gbààwẹ̀. Níhìn-ín ni kí a ti ṣọ́ra. Ní 1945, ní yunifásítì Minnesota, Ancel Keys dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 kù fún nǹkan bí oṣù 6. Ara wọn le kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fún wọn láyè láti jẹun, àwọn kan jẹ ju ohun tí ikùn wọn lè gbà lọ, síbẹ̀ ebi kò yé pa wọ́n. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ààwẹ̀, ṣùgbọ́n láti fi í wo àrùn yìí dà bí ìgbà tí a so ewúrẹ́ mọ́ ìdí iṣu.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa jẹun déédéé: ẹ̀kọ àti àkàrà ní òwúrọ̀, nǹkan díẹ̀ lọ́sàn-án bí ó tilẹ̀ wà lóko, àti oúnjẹ alẹ́, kí àlàfo àárín wọn má ju wákàtí 4 lọ. Kí ó bu oúnjẹ sínú àwo, kí ìkòkò sì wà ní ilé ìdáná. Bí ìfẹ́ náà bá dé, kí ó rántí pé yóò ru sókè, yóò sì rọlẹ̀. Kí ó kúrò nídìí oúnjẹ, kí ó lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tàbí kí ó pe ẹnì kan lórí fóònù. Kí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú sílẹ̀. Yóò sábà rí i pé ìjà ni, tàbí ìdánìkanwà, tàbí pé kò jẹun láti àárọ̀. Bí ó bá sì ṣubú, kí ó jẹ oúnjẹ tí ó kàn bí ó ti yẹ, kí ó má fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà.

Ẹni tí ó bá ń fi ìka ti ọ̀fun kí ó lè bì, tàbí tí ó ń lo oògùn ìyàgbẹ́ nítorí èyí, kí ó tètè rí dókítà, nítorí ó lè ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ìtọ́jú wà, ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tí ó mọṣẹ́ sì ni olórí rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà ní UCH ní Ìbàdàn. Olùṣọ́-àgùntàn lè bá a lọ, bí ó bá fẹ́.